Àyẹ̀wò adrenaline tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn àti èyí tó bí mi nínú

Oṣù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí fi dà mí láàmú. Màá jókòó jẹ́ẹ́ mi, àyà mi á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, òógùn á bò mí, orí á máa fọ́ mi. Tí mo bá fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá, á gbé 190 lórí 110. Kó tó pé wákàtí kan, á ti wálẹ̀. Dókítà ní ó jọ pheochromocytoma, ìyẹn kókó tó máa ń hù nínú ẹran kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín, tó ń tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ ní àtújù. Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò metanephrine, ìyẹn ohun tí adrenaline àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń dà nínú ara.

Ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò fi mí jáfara rárá. Mo sáré gun àtẹ̀gùn débẹ̀, mò ń mí hẹlẹ, wọ́n ní kí n jókòó, abẹ́rẹ́ wọlé. Èsì dé: normetanephrine, ọ̀kan lára wọn, lé díẹ̀. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Lọ́kàn mi, wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

Mo wá dókítà mìíràn lọ. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ẹ dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín?" Mo ní rárá. Ó ní ó yẹ kí n ti dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, torí ìjókòó lásán lè gbé e sókè. Ó ní kí n da gbogbo oògùn mi sórí tábìlì. Ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ wá dúró lórí èyí tí mò ń lò fún imú dídí: pseudoephedrine. "Mọ̀lẹ́bí adrenaline nìyí." Ó ní amitriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, náà lè da èsì rú, àti pé ẹni tó bá dá clonidine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru gùdù. Tairọ́ọ̀dù (ẹran kékeré inú ọrùn) tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ṣúgà tó já wálẹ̀, èémí tó ń dá dúró lójú oorun, ìpayà òjijì, gbogbo wọn ló ń fara jọ àìsàn kókó yìí. Kókó gan-an ṣọ̀wọ́n. Àwọn afarawé rẹ̀ ló pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi fẹnu kan oògùn imú náà, ká tó tún àyẹ̀wò ṣe. Mo dùbúlẹ̀ 30 ìṣẹ́jú. Wọ́n tún fún mi ní kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ wákàtí 24: ti àárọ̀ àkọ́kọ́, ẹ dà á nù, gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e, títí kan ti àárọ̀ ọjọ́ kejì, inú kẹ́ẹ̀gì ni. Ẹ má rò pé ẹ máa jáde lọ́jọ́ náà, àfi tójú ò bá tì yín. Èsì méjèèjì mọ́.

Ìdààmú náà ti dín kù gan-an, kò tíì tán. Ìpayà ni dókítà fura sí nínú èyí tó kù. Àyẹ̀wò náà gba ìràwọ̀ 4 nínú 5. Kẹ́ẹ̀gì ló jẹ ọ̀kan tó kù. Ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ gba 1, torí kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tó bi mí léèrè oògùn tí mò ń lò.