Ìdálẹ́kọ̀ọ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà kan ní Kabba: ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń ṣe ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogi, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò láti lọ, ìbáà jẹ́ láti Iyara tàbí Mopa, mọ bí ó ṣe rí. Èdè Python, ìyẹn èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, ni wọ́n fi ń kọ́ni. Owó rẹ̀ kò gani lára, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo yìn wọ́n fún jù lọ ni bí olùkọ́ ṣe kojú ẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé àwọn tó mọ ìṣirò dunjú nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún, nítorí náà, bí àṣìṣe bá ti yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọkàn a dàrú, a kì í tilẹ̀ ka ohun tí ó kọ síbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì kan kúrò nínú kóòdù tirẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tó kọ fún kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ kí SyntaxError hàn, ìyẹn ìkìlọ̀ pé a kò kọ àṣẹ náà bó ṣe yẹ, ó sì ní kí gbogbo wa jùmọ̀ kà á sókè, kí a wá ìlà tí ó ń tọ́ka sí. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ti ṣàlàyé ní 1977 pé àṣeyọrí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń fún un ní ìgbàgbọ́ jù lọ pé òun lè ṣe nǹkan, àti pé rírí ẹgbẹ́ ẹni tó ṣe é náà ń ranni lọ́wọ́. Mo rí i níbẹ̀: nígbà tí ìyá aláṣọ kan kọ ètò tó ń ṣírò èrè ọjà rẹ̀, tí ó sì ṣiṣẹ́, àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn kò tún sọ pé ọjọ́ orí àwọn ti kọjá ẹ̀kọ́ yìí mọ́.

Àbùkù wọn tó dùn mí ni ìkánjú. Wọ́n a kó variable (orúkọ tí a fi ń pe ohun tí a tọ́jú), list (àkójọ nǹkan), loop (àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) àti function (àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ kí a lè máa pè é) pọ̀ sínú ìjókòó kan, bẹ́ẹ̀ ni John Sweller, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ti fi hàn láti 1988 pé àyè tí ọpọlọ ní láti fi gbé ọ̀rọ̀ tuntun yẹ̀ wò kò tó nǹkan. Wọ́n tún máa ń pe ènìyàn síwájú láìròtẹ́lẹ̀ kí ó wá kọ kóòdù lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ọmọdékùnrin kan tó ń ṣe dáadáa nígbà tó bá dá wà ló gbọ̀n lọ́wọ́ níbẹ̀, kò sì padà wá. Ó yẹ kí wọ́n jáwọ́ nínú èyí kíákíá.

Síbẹ̀, mo ní kí ẹ lọ. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà nílé, kí ó béèrè fún àyè ìdánrawò ọ̀sán Sátidé, nítorí wọn kì í kéde rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.