Ẹ ṣọ́ra o: ọmọ ẹṣin ni wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ póònì

Ẹ̀yin òbí tó ń wá ẹṣin tí ọmọ yóò gùn kí Iléyá tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn alágbàtà kan wà nínú Ìlọrin tí wọ́n ń kó ọmọ ẹṣin tí kò tí ì pé ọdún méjì wá láti Òkè Ọya, tí wọ́n ń pè é ní póònì. Wọn á ní ó ti dàgbà tán, pé ìran kúkúrú ni. Irọ́ ni, ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀: ọmọ tiyín àti ọmọ ẹṣin.

Ẹnu ẹṣin ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kí wọ́n la ẹnu rẹ̀, kí ẹ ka eyín mẹ́fà iwájú nísàlẹ̀. Eyín ọmọ kéré, ó funfun, ó sì tín-ín-rín níbi tó ti wọ erìgì. Eyín àgbà fẹ̀, ó gùn, kì í funfun tó bẹ́ẹ̀. Méjì àárín máa ń pààrọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2½, méjì tó tẹ̀ lé wọn ní 3½, méjì ẹ̀gbẹ́ ní 4½; tó bá fi máa pé ọdún 5, gbogbo wọn ti di eyín àgbà. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ṣì jẹ́ eyín ọmọ, ẹṣin yẹn kò tí ì tó ọdún 2½, ohun yòówù kí alágbàtà búra lé lórí. Ẹ tún wo ìrù kúkúrú, irun ọrùn tó dúró ṣánṣán, àti ìdí tó ga ju èjìká lọ: àmì ọmọ ẹṣin ni wọ́n.

Gíga rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Ní ọdún kan, ọmọ ẹṣin ti ga tó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 gíga tí yóò ní, ṣùgbọ́n egungun inú kò tí ì le. Ibi tí egungun ti ń dàgbà lókè orúnkún iwájú kì í dì títí di nǹkan bí ọdún 2½. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn ń pẹ́ tó ọdún 5 tàbí 6. Bí ẹ bá di gàárì lé e nísinsìnyí, ẹ̀yìn á máa dùn ún, yóò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ẹni sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í tètè kúrò lára ẹṣin.

Èyí tó burú jù ni oògùn. Ọmọ ẹṣin tó ń tapá, tó ń jà lánàá, òun ni wọ́n á fà jáde lónìí tí ọmọ yín á máa fọwọ́ pa lórí. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ ni. Ẹ wò ó bí orí rẹ̀ bá ń fà sílẹ̀, bí ètè ìsàlẹ̀ bá rọ̀, tí ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, tí ẹsẹ̀ ń kọ. Bó bá jẹ́ akọ, nǹkan akọ rẹ̀ á yọ síta, kò ní í fà á wọlé. Ẹ fọwọ́ tọ́ iṣan ọrùn rẹ̀ wò bóyá ojú abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ oògùn á dá, nígbà yẹn ẹ ti mú un délé. Àwọn mìíràn kì í lo oògùn: oòrùn àti òùngbẹ ni wọ́n fi ń mú un rọ̀. Ẹ fa awọ ọrùn rẹ̀ kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Kíá ló yẹ kó padà. Ẹ tẹ erìgì pẹ̀lú àtàǹpàkò. Pupa rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ìṣẹ́jú-àáyá 2 tó pé.

Nítorí náà, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù láìsọ fún wọn. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń mú un, bó ṣe ń mu omi, bó ṣe ń sáré díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ líle pẹ̀lú okùn tí kò le. Bó bá ń gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú kan kanlẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ń dùn ún. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, torí oògùn ìrora tí wọ́n lè ti fún un máa ń bo ẹsẹ̀ tó ń dùn ún mọ́lẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Eṣinṣin tsetse pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju Òkè Ọya lọ, pàápàá bí ẹ bá ń sún sí gúúsù Kwara, àrùn ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé kiri, tí àwọn Hausa ń pè ní sammore, sì máa ń pa ẹṣin. Erìgì á funfun, abẹ́ ikùn á wú, á máa jẹun síbẹ̀ á máa rù. Ibà rẹ̀ ń wá ó ń lọ, nítorí náà bí ooru ara rẹ̀ bá wà ní 37.5 sí 38.5°C bó ṣe yẹ lọ́jọ́ kan, ìyẹn kò tó láti sọ pé kò ní àrùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìlọrin kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Owó mọ́tò tí wọ́n ń ní kí ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè gbé ẹṣin tí ẹ kàn rí ní fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, ẹ má san án.

Ẹṣin tó yẹ ọmọdé ni abo tàbí òdá tó ti lé ní ọdún 8, tí wọ́n ti gùn dáadáa. Ẹrù orí rẹ̀, pẹ̀lú gàárì, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀: ẹṣin 170 kìlógíráàmù kò gbọdọ̀ gbé ju 34 lọ.

Bí ẹ bá ti ra ọmọ ẹṣin ná, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn pẹ̀lú irọ́ kan náà. Ẹ béèrè oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ 7 sí 10 yí i padà díẹ̀díẹ̀ sí ewé ẹ̀pà àti èèrí tiyín, kí inú rírun má baà pa á. Lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 15: okùn orí, kó máa tẹ̀ lé yín lápá ọ̀tún àti òsì, kó máa jẹ́ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ fọ pátákò. Ọmọ lè máa fà á kiri pẹ̀lú àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá pé ọdún 3, ẹ di gàárì òfìfo lé e. Lẹ́yìn náà kí àgbàlagbà tó mọ ẹṣin gùn, tí kò sì wúwo, kọ́kọ́ gùn ún fún oṣù bíi mélòó kan kí ọmọ tó gorí rẹ̀.