Ṣáásì slot car fún eré stock car: irin pẹlẹbẹ, idẹ òun wáyà, àbí ti ẹ̀rọ 3D?

Slot car ni ọkọ̀ kékeré oníná tó ń sáré nínú ihò tóóró ojú pápá; ṣáásì ni férémù abẹ́ rẹ̀ tó gbé ẹ́ńjìnnì àti táyà. Kí ẹ tó náwó sórí ṣáásì èyíkéyìí, ẹ gba ìwé òfin kíláàsì (ìsọ̀rí eré) tí ẹ fẹ́ sá. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wò níbẹ̀: ìwọ̀n ọkọ̀ (ìdá 1/24 ọkọ̀ gidi ni tàbí 1/32), ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fọwọ́ sí, bóyá wọ́n gba òòfà lábẹ́ ọkọ̀, àti bóyá wọ́n gba ṣáásì àfọwọ́ṣe. Níbi tí òfin bá ti sọ pé irin pẹlẹbẹ ilé iṣẹ́ nìkan ni, bó ti wù kí ti idẹ yín dára tó, kò ní bọ́ sórí pápá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra ọjà tán kó tó ka òfin, ọjà náà á wá di ẹrù sílé.

Ẹ̀yìn òfin ni gígùn. Ọkọ̀ NASCAR gidi (eré stock car ti Amẹ́ríkà), 110 ínṣì ló wà láàárín ọ̀pá táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ìyẹn mìlímítà 2,794. Ẹ pín in sí 24, ẹ ó rí 116.4, ẹ pín in sí 32, ẹ ó rí 87.3. Ìdí nìyẹn tí ṣáásì 1/24 tó gùn ní 4½ ínṣì (mìlímítà 114) fi bá bọ́dì stock car mu ju ti 4 ínṣì (102) lọ. Ti 4 ínṣì á gbé táyà kúrò láàárín ihò táyà bọ́dì, kò sì sí bí ẹ ṣe máa gé ike Lexan náà tí yóò fi wu ojú rí.

Irin pẹlẹbẹ ilé iṣẹ́

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gé irú èyí láti ara irin pẹlẹbẹ. Parma, Champion àti JK wà lára orúkọ tí ẹ ó máa rí. Àárín rẹ̀ ló di ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá táyà àti atọ́nà (ẹ̀yà iwájú tó ń wọ ihò pápá) mú; abala ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni bọ́dì so mọ́, wọ́n sì fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa mì. Mímì yẹn kì í ṣe àbùkù. Bọ́dì stock car ga, ó sì máa ń fẹ́ da ọkọ̀ nù ní kọ́nà. Abala ẹ̀gbẹ́ ló máa kọ́kọ́ gba ìtì náà kó tó dé ọ̀dọ̀ táyà.

Kò sí èyí tó yára débi eré tó o. Bí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri tó sì tẹ̀, ọwọ́ lásán lẹ ó fi tún un nà. Àléébù rẹ̀ ni pé bó ti wá lẹ máa gbà á: bí irin náà ṣe le tàbí rọ̀ tó, ilé iṣẹ́ ti pinnu rẹ̀ fún yín. Tuntun inú ọ̀rá gan-an lè má tẹ́jú. Ẹ gbé e sórí dígí tó nípọn, kí ẹ tẹ igun kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan. Bí bébà kan bá wọ abẹ́ igun kan ṣoṣo, ṣáásì ti lọ́ nìyẹn. Ẹ di iwájú àti ẹ̀yìn mú, kí ẹ yí i díẹ̀ sí òdì-kejì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Síkúrù tó di ẹ́ńjìnnì mú máa ń tú nítorí gbígbọ̀n, nítorí náà ẹ jó lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ẹ́ńjìnnì ti kan irin, bí òfin bá gbà.

Idẹ àti wáyà piano

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, nítorí ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà rà á: àpótí tí ègé rẹ̀ ti pé tí ẹ ó kàn jó pọ̀, tàbí wáyà àti idẹ tútù tí ẹ ó gé fúnra yín. Ẹni tí kò tíì jó ṣáásì rí, kó ra àpótí. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì lókùnfà rẹ̀: ihò búṣìn méjèèjì (òrùka tí ọ̀pá táyà ń yí nínú rẹ̀) gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà, kí wọ́n sì jìnnà sí ẹ́ńjìnnì bó ṣe tọ́. Bí ìyẹn bá yẹ̀ ní ìdajì mìlímítà, jíà kò ní bára mu láéláé, kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè wo ìyẹn sàn lẹ́yìn náà.

Fún ṣáásì 1/24 kan, ohun tí ẹ máa nílò nìyí:

- ìjókòó ẹ́ńjìnnì kan, àti imú kan tí atọ́nà máa wọ̀
- wáyà piano (wáyà irin líle) mìlímítà 1.6, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, fún òpó àárín
- wáyà piano mìlímítà 1.2, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, fún ìdè abala ẹ̀gbẹ́ (ibi tí abala ti ń mì)
- idẹ pẹlẹbẹ tó nípọn ní mìlímítà 1.6, ègé méjì tó fẹ̀ ní 20 tó sì gùn ní 60
- páìpù idẹ tóóró: fún ìdè, fún ọ̀pá táyà iwájú, àti mẹ́rin kéékèèké fún píìnì tó ń di bọ́dì mú

Ègé idẹ kọ̀ọ̀kan yẹn wọ̀n tó gíráàmù 16. Ẹ rántí iye yìí: ìnípọn idẹ ni ẹ fi ń yan ibi tí ìwúwo ọkọ̀ máa wà, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìwúwo tó wà nísàlẹ̀ tó sì súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń mú ọkọ̀ tó ga dúró.

Irin ìjólẹ́ẹ̀dì wáàtì 25 tí wọ́n fi ń tún rédíò ṣe kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Idẹ máa fa gbogbo ooru rẹ̀ mu. Ẹ ra wáàtì 60 sí 100, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ẹ ra oríṣi lẹ́ẹ̀dì méjì: èyí tó ní fàdákà díẹ̀ nínú, tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 221°C, àti 60/40 tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 190°C. Èyí tó ní fàdákà lẹ ó fi jó ìjókòó ẹ́ńjìnnì àti òpó àárín. 60/40 lẹ ó fi jó àwọn tó kù. Báyìí, oríkèé àkọ́kọ́ kò ní tú nígbà tí ẹ bá ń jó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀mú gé wáyà piano. Ó máa já eyín ẹ̀mú náà, ègé rẹ̀ sì lè fò wọ ojú. Díìsì ìgérin ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ wọ awò.

Bí iṣẹ́ ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn: pátákó tó tẹ́jú tó ní ihò píìnì ni kí ẹ to gbogbo rẹ̀ sí. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ jókòó, pẹ̀lú ọ̀pá táyà àlòkù tí ẹ ti fi iná sọ di dúdú tí ẹ sì fi òróró pa, kí lẹ́ẹ̀dì má baà gbá a mọ́ búṣìn. Lẹ́yìn náà ni imú, kí àárín rẹ̀ wà ní ìlà àárín ìjókòó. Òpó àárín tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni páìpù ọ̀pá táyà iwájú. Abala ẹ̀gbẹ́ àti píìnì bọ́dì ló kẹ́yìn. Ẹ fi sáńpépà ha ojú irin kó dán, ẹ fi fúlọ́ọ̀sì ásíìdì (èyí tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ mọ́ irin) kan án, ẹ mú irin ìjólẹ́ẹ̀dì sórí ègé tó nípọn jù títí tí ooru òun fúnra rẹ̀ á fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Oríkèé tó jó dáadáa máa ń dán, á sì ṣàn wọ àárín ègé méjèèjì. Èyí tó rí eérú, tó rí kókókó, kò gbóná tó. Ìkọlù àkọ́kọ́ ló máa tú u.

Ohun tó ń ba ṣáásì àfọwọ́ṣe jẹ́ jù ni wáyà tí wọ́n fi ipá tẹ̀ sí àyè rẹ̀ kí wọ́n tó jó o. Lórí pátákó, ó máa tẹ́jú rekete. Ẹ yọ píìnì tán, wáyà á tún padà sí bó ṣe fẹ́ wà, ṣáásì á sì lọ́. Wáyà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú kí iná tó kàn án. Bí ó bá ti lọ́, fífi ọwọ́ yí i kì í tọ́jọ́. Ẹ dá a padà sórí pátákó, ẹ mú oríkèé tí ó ń fà á gbóná títí tí wàhálà inú wáyà á fi jáde.

Èkejì ni ásíìdì. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ náà, wáyà piano á dípẹtà láti inú wá. Omi gbígbóná pẹ̀lú sódà ìyan-búrẹ́dì, búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á. Ẹ fi òróró sínú páìpù ìdè kí ẹ tó jó ohunkóhun nítòsí rẹ̀, nítorí ìdè tí lẹ́ẹ̀dì bá ti wọ̀ kò ní mì mọ́.

Ti ẹ̀rọ 3D àti ike tó ṣeé yí

Ìwọ̀n 1/32 ni èyí ti wúlò. Slot.it ní ṣáásì HRS tí gígùn rẹ̀ ṣeé yí, àwọn mìíràn sì ń tà ti ẹ̀rọ 3D tó ti bá bọ́dì kan pàtó mu. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì dá wà, síkúrù ló so ó mọ́ ṣáásì: ẹ dè é tán, kí ẹ wá tú síkúrù náà ní ìdajì ìyípo kí ìjókòó lè máa mì díẹ̀.

Ẹ béèrè irú ike tí wọ́n lò. PLA ń rọ̀ ní nǹkan bíi 60°C, ẹ́ńjìnnì tó sáré pẹ́ sì lè mú ìjókòó rẹ̀ gbóná débẹ̀. Jíà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìnídìí, kí ẹ tó mọ̀ pé ìjókòó ti tẹ̀. PETG dé nǹkan bíi 80°C. Nylon ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọkọ̀ 1/24 ẹ̀rọ líle lórí pápá ńlá ni ẹ fẹ́ lò, ẹ fi ike sílẹ̀.

| | Irin pẹlẹbẹ | Idẹ àti wáyà | Ike / 3D |
|---|---|---|---|
| Ìwọ̀n tó yẹ ẹ́ | 1/24 | 1/24 jù | 1/32 |
| Irinṣẹ́ | síkúrùdíráfà, dígí | irin ìjólẹ́ẹ̀dì ńlá, pátákó ìtò, díìsì | síkúrùdíráfà, sáńpépà |
| Bó bá fọ́ | nà án tàbí ra òmíràn | tún un jó | ra òmíràn |
| Yíyí ìwúwo ibi kọ̀ọ̀kan | díẹ̀ | bó bá ṣe wù yín | òjé tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn |
| Olórí àléébù | kò tẹ́jú láti ilé iṣẹ́ | wáyà tó ń fa ara rẹ̀ | ooru |

Ohun tí iye ọjà kì í kà mọ́ ọn

Ṣáásì tí wọ́n pè ní òfìfo kò ní ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá táyà, táyà, jíà, atọ́nà, bàbà híhun abẹ́ rẹ̀ (tó ń gba iná láti pápá) tàbí okùn iná. Ibí ni owó ń bá lọ. Ẹ wo ìhò ọ̀pá táyà: 3/32 ínṣì (mìlímítà 2.38) ló wọ́pọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ti 1/8 ínṣì (3.18) ṣì wà lọ́jà, ríìmù ọ̀kan kì í wọ èkejì. Jíà náà rí bẹ́ẹ̀. Eyín ìwọ̀n 48 (èyí tó tóbi) kò lè bá ti 64 (èyí tó kéré) jẹ ara wọn. Bí ẹ bá fi ipá so wọ́n, ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́, eyín á sì jẹ tán kí eré tó parí. Kí ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín jíà méjèèjì nígbà tí ẹ bá ń dè wọ́n: ó yẹ kó jáde pẹ̀lú àmì eyín lára, kó má ya.

Jíà kékeré eyín 10 pẹ̀lú ńlá eyín 28 fún yín ní 2.8, eyín 9 pẹ̀lú 28 fún yín ní 3.11. Iye tó kéré dára fún ọ̀nà gígùn, èyí tó pọ̀ dára fún kọ́nà tó há. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dín eyín jíà kékeré kù ní ẹyọ kan kí ẹ tó dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi.

Ní tiwa, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kó ra irin pẹlẹbẹ, kó fi owó tó kù ra táyà fóòmù tó dára. Táyà tí kò yípo dáadáa máa ba ṣáásì tó wọ́n jù jẹ́. Ẹ rántí pé bí ẹ bá fi sáńpépà dín ìbú táyà láti etí dé etí kù ní mìlímítà 1, ìdajì mìlímítà ni àyè abẹ́ ọkọ̀ dín kù. Ẹ wọ̀n ọ́n kí olùyẹ̀wò tó wọ̀n ọ́n fún yín.

Pápá tó ń yí sí òsì nìkan

Ibi tí gbogbo kọ́nà bá ti lọ sí òsì, idẹ àti wáyà ta irin pẹlẹbẹ yọ pátápátá. Ẹ lè jó abala òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ, nítorí òsì ni inú kọ́nà, ibẹ̀ ló ń fẹ́ gbéra. Ẹ fi gíráàmù 3 kún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sá a, kí ẹ tó fi kún un sí i. Tó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ á lọ́ra láti kúrò ní kọ́nà. Ẹlòmíràn tún máa ń mú kí táyà ọ̀tún ẹ̀yìn tóbi ju ti òsì lọ díẹ̀ kí ọ̀pá náà lè fẹ́ yí sí òsì fúnra rẹ̀. Lórí pápá tó ní kọ́nà ọ̀tún àti òsì, ẹ má dán èyíkéyìí nínú méjèèjì wò.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù

Ẹ mú dígí kékeré, kálípà àti ọ̀pá táyà tuntun dání. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wọ búṣìn méjèèjì kó sì yí láìfọwọ́ tì í. Ẹ wo ẹ̀yìn oríkèé òpó àárín: lẹ́ẹ̀dì tó gbá jọ bí òkìtì fi hàn pé wọ́n ti tún un jó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìpẹtà ní ẹnu oríkèé túmọ̀ sí pé ásíìdì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ mi abala ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí wọ́n mì bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹ́ńjìnnì tí ìjókòó náà bá mu, kí ẹ fi kálípà wọn ihò síkúrù rẹ̀, kí ẹ tó sanwó.