Ẹ ṣọ́ra fún amp dúdú kékeré tí wọ́n ń tà fún hẹ́dífóònù ní Ìkẹjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtira amp, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi agbára kún ohùn tí wọ́n máa ń so mọ́ hẹ́dífóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. ₦85,000 tèmi ti lọ, mi ò fẹ́ kí tiyín tẹ̀lé e.

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Mo máa ń gé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún rédíò, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni mo ti ń ṣe é, tàbí níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bú ramúramù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo closed-back, hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé pa, tí ariwo ìta kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, tí ohun tí mò ń gbọ́ náà kì í jò sétí ẹlòmíì. 32 ohm ni tèmi. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí òun la máa fi ṣírò bí wọ́n ṣe rẹ́ mi jẹ.

Wáyà ni mo lọ rà ní Computer Village lóṣù tó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rí hẹ́dífóònù lọ́rùn mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, hẹ́dífóònù yín dáa gan-an o, àmọ́ ebi ń pa á. Fóònù ò lè bọ́ ọ yó.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ó mú amp kan jáde: dúdú ni, onírin ni, ó wúwo lọ́wọ́, sítíkà aláwọ̀ wúrà Hi-Res Audio wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ 3000 mW gàdàgbà sí ara páálí; mW ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń tú jáde. Ó kọ́kọ́ ki hẹ́dífóònù mi bọ fóònù rẹ̀, ó fi orin sí i. Lẹ́yìn náà ó fà á yọ, ó wá tì í bọ amp. Béèsì ń dún gbìì-gbìì, orin náà bí ẹni pé ó sanra sí i. Mo sanwó.

Ohun tí mi ò wò ni ibi tó gbé ohùn sí. Nígbà tí orin ń ti fóònù jáde tààrà, ohùn rẹ̀ ò ju ìdajì lọ. Nígbà tó kan amp, ó ti yí kókó rẹ̀ dé òpin. Gbogbo jìbìtì náà ò jù báyẹn lọ.

Láti 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ méjì ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé tí a bá rẹ ohùn sílẹ̀, etí wa kì í gbọ́ béèsì dáadáa. Bí ẹ ṣe ń gbé e sókè ni béèsì ń yára ga ju ohùn àárín lọ. Nítorí náà, nǹkan méjì tó dọ́gba, tí ẹ bá gbé ọ̀kan sókè díẹ̀, etí yín á ní òun ló dáa jù, òun ló ní béèsì, òun ló kún. Ariwo lásán ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tà fún mi.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, mi ò bá má kọ̀wé. Amp náà tún ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ìlù dùndún ni mò ń gé lọ́sẹ̀ yẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù wú, ó bo ohùn àárín mọ́lẹ̀, ibi tí onílù ti ń sọ̀rọ̀ kò wá dá ṣáká mọ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn, mo bá gé béèsì rẹ̀ kúrò. Nígbà tí iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n pè mí pé kí ló dé tí ìlù náà rù tó bẹ́ẹ̀, ó ń dún bí agolo. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láìgba owó kankan kún un.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tún rédíò ṣe ní Múṣin ló tú àṣírí rẹ̀. Ó ní kí n fi fóònù gbé ohùn 60 Hz jáde, ohùn kan ṣoṣo tí kò yí padà, kí n ki fóònù bọ amp. Ó fi mítà wọn fólítì tó ń jáde lẹ́nu amp nígbà tí nǹkan kan ò sí níbẹ̀: bíi 1 V. Ó wá fi resistor 33 ohm, ẹyọ kékeré kan tó ń dènà iná, sí i bí ẹni pé hẹ́dífóònù ni. Fólítì já sí ìdajì. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Tó bá já sí ìdajì, a jẹ́ pé ìdènà tó wà nínú amp fúnra rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí a fi sí i, ìyẹn nǹkan bíi 33 ohm. Output impedance ni wọ́n ń pè é, kì í sì í sí lára páálí àwọn tó ń ta ayédèrú.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì rèé. Ìdènà hẹ́dífóònù kì í dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n kọ 32 ohm sí lè gùn dé 64 níbi béèsì, níbi tí awọ inú rẹ̀ ti fẹ́ràn láti máa gbọ̀n. Tí ìdènà amp bá jẹ́ 32, ìdajì fólítì ló máa dé hẹ́dífóònù níbi ohùn àárín, àmọ́ níbi béèsì, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Ìyàtọ̀ náà tó 2.5 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), etí á sì gbọ́ ọ kedere. Tí ìdènà amp bá jẹ́ 1 ohm péré, ìyàtọ̀ náà ò ní ju 0.13 dB lọ, ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ní kí ìdènà amp má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù lọ. Fún 32 ohm, ìyẹn ni 4.

A tú u. Bátìrì 3.7 V kan tó tín-ín-rín, pátákó iná kékeré kan, àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Irin yẹn ni mo gbé lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ní “èyí wúwo, ó máa dáa.” Kò sí ohunkóhun lórí pátákó náà tó ń gbé fólítì bátìrì sókè. Ẹ wá ṣírò: kí 3000 mW tó lè wọ hẹ́dífóònù 32 ohm, amp gbọ́dọ̀ lè tú fólítì bíi 10 jáde. Bátìrì 3.7 V nìkan, lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà so èyí, kò lè fún un ju nǹkan bíi 50 mW lọ, kí a tó yọ èyí tí ìdènà inú rẹ̀ ń jẹ.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé hẹ́dífóònù mi ò tiẹ̀ nílò amp. Ẹ wo Sony MDR-7506, closed-back tó ṣe é ká, tó ti wà lọ́jà láti 1991, tí àwọn oníṣẹ́ ohùn kárí ayé ṣì ń lò. 63 ohm ni, 1 mW sì ń gbé e dé 106 dB. Tí fóònù bá fún un ní 1 V, ó ti gba 16 mW nìyẹn, ó lè dé 118 dB. Etí yín á ti bàjẹ́ kí agbára tó tán. Wáyà kékeré Apple tó ń sọ ihò USB-C di ihò hẹ́dífóònù, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ń fúnni ní nǹkan bíi 1 V, ìdènà rẹ̀ ò sì tó bíi 1 ohm. (Ti Yúróòpù ò tó bẹ́ẹ̀, ohùn ti Amẹ́ríkà náà sì máa ń rẹlẹ̀ lórí àwọn fóònù Android kan. Ayédèrú rẹ̀ náà kún ìgboro.)

Àwọn tí amp wúlò fún lóòótọ́ wà. Beyerdynamic ti Jámánì ń ṣe DT 770 Pro, closed-back náà ni, oríṣi rẹ̀ kan jẹ́ 250 ohm. 1 V ò lè fún ìyẹn ju 4 mW lọ, 102 dB níbi tó bá ga jù. Tí iṣẹ́ tí ẹ ń gé bá jẹ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní jẹ́jẹ́, ẹ máa rí i pé kò tó. Ẹni tó ní irú ìyẹn, kó ra amp gidi.

Ti Bluetooth ńkọ́? Amp tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra òmíràn kún un ń tàn yín ni. Tí béèsì closed-back yín bá sì ṣàdédé rù, ẹ kọ́kọ́ wo tìmùtìmù etí rẹ̀ bóyá ó ti ya tàbí bóyá ọwọ́ gíláàsì ojú yín ń ṣí i sílẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò ni béèsì ń gbà sá lọ, kò sí amp tó lè dí i.

Mo dá amp náà padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀ ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò, ó fi ìka tọ́ka sí “No refund” tó wà nísàlẹ̀ risíìtì. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Mo ti kọ ẹ̀sùn, mo fi fọ́tò irin yẹn sí i.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ìyá tí mo ra wáyà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gbà kí n fi mítà tèmi wọ̀n ọ́n kí n tó sanwó. Irú rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ mú hẹ́dífóònù tiyín dání, ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ látorí dórí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ di kókó ohùn mú, kí ẹ rẹ amp sílẹ̀ títí tí ohùn olórin á fi dọ́gba pẹ̀lú ti fóònù, kí ẹ wá dijú, kí ẹni tó bá yín lọ máa pààrọ̀ wọn láìsọ èyí tó wà níbẹ̀. Tí ẹ ò bá lè dá wọn mọ̀, ẹ kó owó yín sápò. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan kókó ohùn, ẹ máa lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá mo tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá. Mẹ́fà irú tèmi ló tò sórí tábìlì, irin dúdú kan náà, sítíkà wúrà kan náà. Wọ́n ti lẹ orúkọ mìíràn mọ́ ọn, 3000 mW sì ti di 5000.