Ibi tí wọ́n ti ṣe ọwọ́ fún ọmọ mi ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bímọ tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí. Kétu ní ilẹ̀ Benin la ti gbéra lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọwọ́ àtọwọ́dá, ọmọ mi ti pé oṣù 7 nígbà yẹn, apá òsì ẹ̀ ò kọjá ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀.

Iṣẹ́ wọn dáa, màá débẹ̀, àmọ́ àlàyé tí wọ́n ṣe fún wa ló jẹ́ kí n kọ èyí. Níbi tá a kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ yẹ ọmọ wò, wọ́n ní kí n lọ rántí ohun tí mo jẹ nígbà tí mo lóyún, lójú ìyá ọkọ mi! Oṣù 5 gbáko ni ìyá ò fi bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa.

Dókítà ti Àjàṣẹ́ bọ́ aṣọ ọmọ, ó gbọ́ àyà ẹ̀, ó ka ìka ọwọ́ kejì àti tẹsẹ̀, ó bi wá bóyá ẹnikẹ́ni nírú ẹ̀ rí ní ìdílé bàbá tàbí tèmi. Faransé ló ń sọ, bọ̀ọ̀dá tó ń ṣe ọwọ́ ló ń túmọ̀ ẹ̀ sí Nàgó, ìyá ọkọ mi ń gbọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 oyún lọwọ́ àtẹsẹ̀ ń hù (mi ò tíì mọ̀ pé mo lóyún nígbà yẹn!), pé irú ti ọmọ mi tó dúró níbì kan bí ẹni gé e, tí ara yòókù sì pé, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ dáadáa, tàbí kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ilé ọmọ wé mọ́ ọn, kì í ṣe àjogúnbá, ó ṣọ̀wọ́n kó tún ṣe àbúrò ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ọwọ́ tó là láàárín bíi ti akàn, ìyẹn lè wà nínú ìdílé, lọ́pọ̀ ìgbà tí bàbá tàbí ìyá bá ní in, ọmọ kan nínú méjì ló lè jogún ẹ̀. Tó bá jẹ́ àtàǹpàkò ni ò sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kíákíá, torí àìsàn àbímọ́ni tí wọ́n ń pè ní Holt-Oram máa ń mú ọkàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Fanconi sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Oògùn tí aboyún bá lò náà lè fà á, ó sọ ti thalidomide tí wọ́n tà ní Jámánì láti 1957 sí 1961, ọmọ tó lé ní 10,000 ló ṣe báyẹn kárí ayé. Ìgbín tí wọ́n ní mo jẹ ò sí nínú ẹ̀ rárá.

Ọwọ́ náà fúyẹ́, kò tíì lè di nǹkan mú, kó lè jókòó dáadáa kó sì máa rákòrò ni wọ́n ṣe fi sí i. Etí ọwọ́ náà ń ha ọmọ lára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a gbé e padà, wọ́n dán an, wọn ò gba kọ́bọ̀. Bó ṣe ń dàgbà la óò máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ti máa tọ́jú owó ìyẹn. Ìdúró nìkan ló le, aago 8 la dé, ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó pè wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bá a ṣe wọ tasí padà sí Kétu, ìyá ọkọ mi gbọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n di apá kúkúrú yẹn mú títí a fi kọjá Pobẹ̀.