Ilé oúnjẹ Etiópíà kan ní Wuse 2: ẹ má dìde kí kọfí tó dé

Kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìsẹ́yìn jẹun ₦41,000 nílé oúnjẹ àwọn ará Etiópíà kan ní Wuse 2 l'Ábújá. Omi àti kọfí wà nínú rẹ̀. Fún tíṣà bíi tèmi, owó ńlá ni. Màá tún padà lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran ló máa gbé mi lọ.

Wọ́n máa ń tẹ́ bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan síwájú oníbàárà kọ̀ọ̀kan kí oúnjẹ tó dé. Ọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè wọn ló kún ara rẹ̀: òkè, odò, ogun, àwọn sárésáré. Ìtàn àti jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gwarinpa, ara mi ò sì gbà á kí n kàn máa wò ó. Mo fa bíró pupa yọ nínú báàgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. "Ìyàwó, Sátidé la wà o."

Àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ rí aago ara ògiri. Aago kan ọ̀sán ni fóònù mi ń sọ, mẹ́sàn-án ni tara ògiri ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ní bátìrì rẹ̀ ti kú. Bátìrì ò kú. Addis Ababa fi wákàtí 2 ṣíwájú wa, aago 3 ọ̀sán ti lù lọ́hùn-ún nìyẹn. Àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń ti ìdájí bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago wọn, kì í ṣe láti ọ̀gànjọ́: ohun tí àwa ń pè ní aago 7 àárọ̀, aago 1 ni wọ́n ń pè é. Ẹ kà á bọ̀ láti ibẹ̀, 3 ọ̀sán á di 9. Bébà náà gbà á, mo sì fi àmì pé ó tọ̀nà sí i.

Ti kàlẹ́ńdà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù 13 ló wà nínú ọdún wọn. Ọjọ́ 30 ni oṣù 12 àkọ́kọ́ ní lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkẹtàlá sì ní ọjọ́ 5 péré, tàbí 6 ní ọdún tó bá gùn. Oṣù kẹsàn-án tiwa ni ọdún tuntun wọn ń bọ́ sí, wọ́n sì fi ọdún 7 tàbí 8 wà lẹ́yìn wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní 2007 ni wọ́n ń jó, tí wọ́n ń yọ̀, pé ọdún 2000 dé. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, àwọn ṣì ní ọdún 7 láti fi gbowó oṣù.

Oúnjẹ wá dé, lẹ́yìn wákàtí kan ó lé. Àwo ràgàjì kan ṣoṣo fún àwa méjèèjì, injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, tẹ́ ẹ láti etí dé etí, oríṣiríṣi ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀. Teff ni wọ́n fi ń ṣe injera, ọkà kan tí hóró rẹ̀ wà lára èyí tó kéré jù láyé. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa, kí wọ́n tó dà á sórí agbada gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n tọ́ ọ wò. "Ògì ọjọ́ kẹta nìyí." Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í bọ doro wat, ọbẹ̀ adìyẹ pupa tí àlùbọ́sà ti yọ́ sínú rẹ̀ pátápátá, kíkan yẹn á bá ata mu. Ata náà tó ata. Ẹyin bíbọ̀ kan máa ń wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo.

Fọ́ọ̀kì ò sí, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ìyẹn ò ṣe wá ní nǹkan kan. Àfi ìgbà tí obìnrin tó ni ibẹ̀ wá dúró tì wá, tó ká injera mọ́ ẹran, tó sì nà án sí Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Gursha ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bu ọlá fún àlejò ni. Ní ìdílé ọkọ mi, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ bọ́ àgbà àyàfi tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bojú wò mí bíi pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, wọ́n ṣáà la ẹnu. Nígbà tí wọ́n gbé e mì tán, wọ́n ká tiwọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, yanu." Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ibi odò ni mo ń máàkì lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, tí fáànù dúró. Adágún Tana ní Etiópíà ni Náílì Aláwọ̀ Búlúù ti ń ṣàn jáde, omi tó sì ń wá láti àwọn òkè Etiópíà ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú omi Náílì tó ń dé Íjíbítì. Lórí odò yẹn ni wọ́n kọ́ ìdídò tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹsàn-án 2025, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 5,150, èyí tó tóbi jù ní Áfíríkà. Owó tiwọn ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá ra bọ́ǹdì. Mo ń ka èyí, òógùn ń bọ́ lára mi, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé.

Orí ogun ni mo ti yọ máàkì. Bébà náà ní òyìnbó kankan ò jọba lé Etiópíà lórí rí. Òótọ́ ni pé ọba wọn Menelik Kejì àti Taytu ìyàwó rẹ̀, tí òun náà wà lójú ogun, ṣẹ́gun Ítálì ní Adwa ní 1 Máàṣì 1896. Ṣùgbọ́n Ítálì padà wá, ó sì gba ìlú náà láti 1936 sí 1941. Ọdún 5 kì í ṣe ọjọ́ 5. Àkókò yẹn ni wọ́n kó òpó òkúta Aksum kan lọ sí Róòmù, òpó tó ga tó mítà 24, wọn ò sì dá a padà títí di 2005. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo bébà náà wá tẹ̀ lé e: ní 10 Sẹ́ptẹ́ńbà 1960, Abebe Bikila sá eré ọ̀nà jíjìn Olíńpíìkì ní Róòmù láìwọ bàtà, ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó tí wọ́n jí gbé yẹn kọjá, ó sì gba góòlù. Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà ni àwa gba òmìnira. Ní 1964 ó tún gba góòlù ní Tokyo, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì fún un. Ìyẹn ló bí Ẹ̀gbọ́n mi nínú. "Dókítà wo ló fọwọ́ sí i?"

Ọ̀rọ̀ Lucy, egungun ẹ̀dá àtijọ́ kan tó jọ ènìyàn, tó ti tó bí mílíọ̀nù ọdún 3.2, tí wọ́n rí ní Hadar ní Etiópíà ní 1974, wọ́n ní kí n fò ó. Mo fò ó. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì 11 tí wọ́n gbẹ́ láti inú àpáta ní Lalibela ni wọ́n ní kí n kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló mú ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa, ọmọ Keffi, sọ fún wa pé àwọn mọ ọba Habasha, ìyẹn Etiópíà lédè Lárúbáwá, ní iléèwé kéú, òun ló gba àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì tó sá kúrò ní Mẹ́kà mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n náà gbé ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì jáde. Nígbà tí wọ́n ń bára wọn sọ ọ́, mo jẹ ẹyin.

Kọfí gan-an ni ìdí tí mo fi ń kọ èyí. Igbó gúúsù ìwọ̀-oòrùn Etiópíà ni kọfí árábíkà ti ń hù fúnra rẹ̀, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àpótí níwájú wa, ó yan kọfí tútù lórí iná títí ó fi dúdú, ó gbé páànù náà káàkiri kí olúkúlùkù gbọ́ òórùn rẹ̀. Tùràrí ń rú èéfín. Ó gún kọfí náà, ó sè é nínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn, ó dà á láti òkè sínú àwọn ife kéékèèké. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú, ẹ̀kẹta ni ti ìbùkún, ẹni tó bá dìde ṣáájú rẹ̀ hùwà àìdáa. Gúgúrú ni wọ́n fi ń pani lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n béèrè ẹ̀pà. Kò sí.

Níbi ife kejì ni obìnrin tó ni ibẹ̀ rí bíró pupa mi. Ó ka ohun tí mo kọ síbi 1936, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní wọ́n gba ìlú, wọn ò gba orílẹ̀-èdè. Pé àwọn tó sá wọ igbó ò yéé jà títí ọba Haile Selassie fi padà dé. Mo ní ìyẹn náà wà nínú ìwé. A jiyàn títí ife kẹta. 17 nínú 20 ni mo ti fún bébà náà, mo sọ ọ́ di 18, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àléébù wà. Wọ́n fi owó iṣẹ́ ìdá 10 kún owó wa láìkọ ọ́ sínú ìwé oúnjẹ. Omi ò yọ ní ilé ìyàgbẹ́. Wọn kì í ṣàlàyé kitfo fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ẹran tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni, wọ́n gbé e síwájú bàbá kan ní tábìlì kejì, ojú rẹ̀ ò ṣeé wò.

Ẹni tí kì í jẹran, kó lọ lọ́jọ́rú tàbí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì wọn ń gbààwẹ̀ ẹran, ẹyin àti wàrà. Ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ máa ń pọ̀ nígbà náà. Ẹ sọ fún wọn gbàrà tí ẹ bá ti jókòó pé ẹ máa mu kọfí. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ò tó nǹkan, takisí láti Berger ló dáa jù. Bí ẹ bá sì ń kánjú, sùyà wà ní títì.