Oṣù mẹ́fà pẹ̀lú àpò èédú: ibi tó ti ṣiṣẹ́ nílé mi, àti ibi tí kò ti ràn mí lọ́wọ́

Káńfọ̀ ni mo bá nílé tí wọ́n bí mi sí, òun náà ni mo gbé wọ ilé ọkọ. Lójú tèmi nígbà yẹn, aṣọ òkè tí kò bá rùn káńfọ̀, olówó rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀ ni. Mo ń jù ú sí wọ́dúróòbù, mo ń jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tún ń fi méjì sí ibi tí omi ń gbà jáde ní balùwẹ̀. Ìgbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì ni nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń dá àwa aláboyún lẹ́kọ̀ọ́ là mí lójú. Wọ́n ní ká má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun rárá, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀. Naphthalene ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń rà lọ́jà tí à ń pè ní káńfọ̀. Kì í yọ́ di omi, afẹ́fẹ́ ló ń dà díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kéré sí i títí tí kò fi ní kù mọ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń wọ ara aṣọ, òun náà ni ọmọ ń fà símú. Àwọn ọmọ kan sì wà tí èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kò tó lára wọn. G6PD ni àwọn dókítà ń pe èròjà ọ̀hún, àìtó rẹ̀ sì wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Bí naphthalene bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ibà pọ́njú á dé, tó bá le jù, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ kò sì lè fojú lásán mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kó gbogbo káńfọ̀ ilé mi dànù.

Ṣùgbọ́n Apẹ̀tẹ́ n'Ìbàdàn ni à ń gbé, ògiri yàrá wa sì kan balùwẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, wọ́dúróòbù á máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká kó tó gbẹ, bàtà aláwọ á sì bu. Mo nílò ohun tí màá fi rọ́pò káńfọ̀. Bí mo ṣe rí ìpolówó àpò èédú ọparun lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn: mẹ́rin fún ₦7,000, gíráàmù 200 nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni mo rà á, ìparí oṣù kẹwàá ni mo sì ń kọ èyí.

Àpò náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, aṣọ rẹ̀ le bíi ti àpò ìrẹsì àtijọ́, ihò onírin kan sì wà létí rẹ̀ tí èèyàn lè fi okùn gbé e kọ́. Tí ẹ bá fún un, èédú inú rẹ̀ á máa dún lábẹ́ ìka bíi gàrí tó yan dáadáa. Ọmọ mi àgbà gbé e símú, ó ní, “Mọ́mì, kò mà rùn.” Ó rò pé á máa ta sánsán bíi lọ́fínńdà. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kó rí. Èédú kún fún ihò tóóró tí ojú kò lè rí, inú àwọn ihò yẹn ni òórùn àti ọ̀rinrin ń lọ há sí. Kì í fi òórùn kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ bí káńfọ̀ ti ń ṣe.

Ẹnu olóhun kì í pe tirẹ̀ ní burúkú, nítorí náà mo dán an wò fúnra mi. Mo mú ike áísìkiríìmù mẹ́ta tó ní ìdérí, mo fi ṣíbí irú kọ̀ọ̀kan sínú wọn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó irú kúrò, mo fi ọṣẹ fọ ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin náà mọ irú, ọṣẹ kan kì í tó o. Mo fi àpò èédú sínú ike kìíní, mo fi èédú tí mo rà ní Bódìjà sínú èkejì, mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ lófìfo, mo sì dé gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí bàbá àwọn ọmọ dijú. Bí mo ṣe ṣí èyí tó ṣófo báyìí, wọ́n ní, “Irú rèé.” Wọ́n gbé imú lé èyí tó ní àpò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mi orí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó ní èédú ọjà, wọ́n ní ó kù díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè sọ pé irú ni.

Nínú wọ́dúróòbù, ọjọ́ kẹrin ni mo mọ ìyàtọ̀, òórùn aṣọ tútù yẹn sì lọ pátápátá kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Ó dára nínú fíríìjì. Ó dára gan-an nínú bàtà iléèwé, tí ẹ bá ti í bọ̀ ọ́ mọ́jú. Ẹ ṣáà rántí pé ibi tó ṣe é tì pa, tí kò fẹ̀, ni agbára rẹ̀ mọ.

Ẹni tó tà á fún mi ní ẹyọ kan tó fún odidi pálọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi méjì sí pálọ̀ tiwa fún oṣù kan gbáko, ẹja díndín ọjọ́ Jímọ̀ ṣì ń bá wa di ọjọ́ Sátidé. Fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn, kí a ṣí wọn kí atẹ́gùn gba ibẹ̀ kọjá, ìyẹn ló lé e.

Balùwẹ̀ àlejò wa tún kọ́ mi lọ́gbọ́n tó ju ti pálọ̀ lọ. Ó ń rùn ṣáá, mo gbé àpò kọ́ síbẹ̀, kò gbọ́. Àṣé ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá. Púlọ́mbà ló ṣàlàyé fún mi pé páìpù abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní ibì kan tó tẹ̀ bí ọrùn, omi tó bá dúró síbẹ̀ ló ń dí òórùn sókàwéè lọ́nà. Nítorí pé a kì í sábà lo balùwẹ̀ náà, omi ọ̀hún ti gbẹ. Láti ìgbà yẹn, mò ń da omi korobá kan síbẹ̀ lọ́sẹ̀, kò rùn mọ́. Ẹ wá ibi tí òórùn ti ń wá kí ẹ tó fi owó ra ohunkóhun.

Àwọn tó ń ta àpò èédú náà ní kí a máa sá a sóòrùn fún wákàtí méjì lóṣù, pé á lò tó ọdún méjì. Ní oṣù karùn-ún, lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ní oṣù kẹsàn-án tí òjò ò dá, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń sá a, oòrùn ọ̀hún gan-an kò sì rọrùn láti rí. Oòrùn a máa lé ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, àmọ́ kì í lé gbogbo òórùn tó ti há síbẹ̀, nítorí náà agbára rẹ̀ ń dín kù bọ̀. Ohun tó bí mi nínú ni ojú ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ya ní oṣù kẹjọ, lẹ́búlẹ́bú dúdú inú rẹ̀ sì dà sí léèsì funfun tí mo fẹ́ fi ṣe òde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ ọ́ kó tó lọ. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, ó kà á, kò fèsì títí dòní.

Bí mẹ́rin yìí bá lọ tán, mi ò ní rà á mọ́. Èédú wa tó ń ti Òkè-Ògùn wá ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, náílọ́ọ̀nù ₦500 sì tó gbogbo wọ́dúróòbù ilé mi. Mò ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo ń fi omi ṣan lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ kúrò, mo ń sá a fún ọjọ́ méjì, mo wá ń dà á sínú ìbọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ọ̀kan bọ inú èkejì. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo á ta dúdú sára aṣọ.

Èédú tí a kò tanná sí ni mò ń wí o. Èmi náà fẹ́ràn tùràrí, pàápàá lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, àmọ́ ẹ má gbé èédú tó ń jó sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà tó ń ti ara rẹ̀ jáde tí kò ní òórùn, ó ń pa èèyàn lójú oorun. Nígbà tí mo bá fẹ́ kí ilé ta sánsán, ewé tíì ni mò ń bọ̀ pọ̀ mọ́ èèpo ọsàn, màá ṣí ìkòkò sílẹ̀ lórí iná kékeré. Kò ju wákàtí kan lọ tó fi ń pòórá, ó sì tó mi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ẹdẹ, wọ́n gbé ṣọ́ọ̀lù tí wọ́n fi gbé bàbá ọmọ mi jáde ní ìkómọ wá fún ọmọ tuntun. Àárín káńfọ̀ ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn, wọn kò bínú. A fọ̀ ọ́, a sá a sórí okùn fún ọjọ́ márùn-ún, ó ṣì ń rùn. Mo wá fi sínú náílọ́ọ̀nù ńlá pẹ̀lú àpò èédú méjì, mo dì í lẹ́nu pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún fọ̀ ọ́. Màmá gbé e símú fúnra wọn, wọ́n tú u, wọ́n tún gbóòórùn àárín rẹ̀. Wọ́n ní, “Oòrùn nìkan ló ń rùn lára ẹ̀ báyìí.” Ìgbà yẹn ni mo tó fi bo ọmọ.